Ẹni Tó Kú Lójú Àlá

Nígbà tí Ìyá Stamáta ṣì wà láyé ní erékùṣù Náksọ́sì nílẹ̀ Gíríìsì, ẹ̀rù ikú ń bà á. Láràárọ̀ ló ń bi ìyàwó ọmọ rẹ̀ tó ń po ìyẹ̀fun pé, "Ṣé o lálàá mi?"

"Ẹ tún ti kú, Ìyá. Ẹ nà gbalaja nínú pósí."

Inú rẹ̀ á dùn, torí ẹni tá a bá lálàá pé ó kú, ọjọ́ rẹ̀ gùn sí i nìyẹn.

Lọ́jọ́ kan, ìyá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Òpùrọ́ ìyàwó, irọ́ rẹ ti gbé mi dé ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún. Lóru àná, èmi náà lálàá. Ìwọ ni mo rí nínú pósí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ sínú ìyẹ̀fun.

Kí búrẹ́dì náà tó jinná, ìyá ti dákẹ́.