Ọ̀jọ̀gbọ́n tí ó wá ìwà ìkà lọ sí ọjà ẹja

Ọkùnrin kan wà ní ìlú Valdivia tí ó máa ń gbé ìdáhùn dání láti ilé kí ó tó jáde lọ béèrè ìbéèrè. Evaristo Oyarzún ni orúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì ni láti wádìí bí ènìyàn ṣe ń hùwà láàárín àwùjọ. Ìwé kún orí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí àyè fún òtítọ́ níbẹ̀. Ohun tí ó bá ti gbà gbọ́, bẹ́ẹ̀ ni ayé gbọ́dọ̀ rí. Bí ayé bá kọ̀, ayé ni ó ṣìnà.

Ó gbà pé tálákà kì í ṣàánú àlejò. Ó ti sọ ọ́ lórí rédíò kí ó tó wádìí rẹ̀ rárá. Nígbà tí wọ́n ní kí ó mú ẹ̀rí wá, ó háyà àgbà òṣèré kan tí ń jẹ́ Ladislao, pé kí ó máa ṣubú bí ẹni tí òòyì kọ́ ní ọjà ẹja etí odò. Òun àti Graciela, olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, yóò máa ṣọ́ ọ láti òkèèrè, kí wọ́n lè mọ ẹni tí yóò ràn án lọ́wọ́.

Ladislao ṣubú. Kí ẹ̀yìn rẹ̀ tó kanlẹ̀ tán, Hortensia ẹlẹ́ja ti ju ọ̀bẹ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ gbé àga wá! Ẹ má dúró lé e lórí bí àwọn ẹranko kìnnìún òkun etí odò tó ń retí ìfun ẹja! Bàbá, ṣé ẹ ti jẹun láàárọ̀ yìí?"

Wọ́n fún un ní ọbẹ̀ ẹja gbígbóná mu. Ladislao mu ún, ó tún béèrè sí i.

Evaristo fajú ro. "A ò ní ka ìyẹn mọ́ ọn. Wọ́n ti mọ̀ pé òṣèré ni."

"Ta ló sọ fún yín?" Graciela bi í. "Ẹ ò bi ẹnì kankan."

"Ojú wọn ni mo wò."

Nígbà tí wọ́n tún ṣe é, àwọn ẹlẹ́ja tún sáré bo ọkùnrin náà. Evaristo ní àwọn ò ní ka èyí náà mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ ni ó ń sún Ladislao sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, títí ó fi gbé e dé ẹ̀yìn àwọn ọkọ̀ akẹ́rù, nínú òjò ńlá, níbi tí ojú kò ti tó o. Nígbà náà ni àwọn ènìyàn tó kọjá lára rẹ̀ láì dúró. Ohun tójú ń wá lojú ń rí.

"Ọ̀gá," ni Graciela wí, "tí ẹ bá ń da gbogbo èyí tó ta kò yín nù, kí lẹ wá ń wádìí? Ẹ jẹ́ ká kó gbogbo ohun tá a rí síta."

Evaristo rẹ́rìn-ín. "Àánú wọn ló ń ṣe ọ́, Graciela. Àánú kì í ṣe ìmọ̀."

Obìnrin náà ní kí ó yọ orúkọ òun kúrò nínú iṣẹ́ náà. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè, ṣùgbọ́n Evaristo kì í yá ọgbọ́n lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Iṣẹ́ náà jáde, ìwé ìròyìn gbé e, wọ́n fi àmì ẹ̀yẹ kọ́ ọ lọ́rùn. Ọ̀jọ̀gbọ́n wá ń rìn bí àkùkọ tó rò pé òun ló pe oòrùn jáde. Àwọn tó ti ń fojú sí etí odò láti kọ́ hòtẹ́ẹ̀lì síbẹ̀ sì rí ọ̀rọ̀ gbá mú: kí ni aláìláàánú ń fi ibi dáradára bẹ́ẹ̀ ṣe? Ìgbìmọ̀ ìlú ní àwọn yóò lé ọjà náà kúrò.

Hortensia dá a dúró lójú ọ̀nà. "Ọ̀jọ̀gbọ́n, àwa lẹ pè ní ọlọ́kàn òkúta?"

"Ìmọ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀, màmá, kì í ṣe èmi."

"Ìmọ̀ yẹn, ṣé ó ti ra ẹja lọ́wọ́ wa rí?"

Kò pẹ́ tí àwọn oníṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n fi wá ya iṣẹ́ ńlá yìí, kí Ladislao tún ṣubú lójú kámẹ́rà. Láàárọ̀ ọjọ́ náà Ladislao ní àyà ń dun òun.

"Ẹ fara dà á," ni Evaristo wí. "Kámẹ́rà ti dé."

Àgbà òṣèré náà kò dé ẹ̀yìn ọkọ̀. Àárín ọjà gan-an ni ó ṣubú sí, ojú rẹ̀ rí bí eérú, ọ̀fun rẹ̀ ń hó. Àwọn ẹlẹ́ja rọ́ lọ bá a. Ni Evaristo bá fò jáde, ó na apá méjèèjì dí wọn lọ́nà.

"Ẹ fi í sílẹ̀! Eré ni! Èmi ni mo ní kó ṣubú! Ẹ ń ba iṣẹ́ mi jẹ́!"

"Eré wo?" Hortensia ké mọ́ ọn. "Ètè ọkùnrin yìí ti dúdú! Kúrò lọ́nà, jàre!"

Ó fi ìgúnpá tì í, ọ̀jọ̀gbọ́n sì jókòó pẹ̀sẹ̀ sínú omi ẹja. Wọ́n gbé Ladislao sórí ọmọlanke, wọ́n sì sáré gbé e dé ọsibítù. Dókítà ní ká ní wọ́n falẹ̀ díẹ̀ sí i ni, ọkùnrin náà ì bá ti kú.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Gbogbo ìlú rí i lórí tẹlifíṣọ̀n: ọkùnrin kan ṣubú, gbogbo ọjà sáré lọ gbé e, ẹnì kan ṣoṣo ló dínà. Graciela wá sọ gbogbo ohun tí òun fojú rí. Wọ́n fagi lé iṣẹ́ Evaristo, wọ́n gba àmì ẹ̀yẹ lọ́rùn rẹ̀, yunifásítì lé e dànù. Ìgbìmọ̀ ìlú kò lè wo ojú àwọn ẹlẹ́ja mọ́, ọjà sì dúró síbi tó wà.

Evaristo mú èso lọ́wọ́, ó lọ bẹ Ladislao wò ní ọsibítù. Hortensia ni ó bá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, tó ń bu ọbẹ̀ sí i lẹ́nu. Ladislao wò ó láti òkè dé ilẹ̀.

"Ṣé èmi lẹ wá wò ni, àbí ẹni tó ń tọ́jú mi lẹ wá ṣọ́?"

Evaristo, tí ìdáhùn kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, gbé èso rẹ̀ kalẹ̀, ó sì jáde. 

Ẹ̀yin tí ẹ ń wádìí ìwà ọmọ ènìyàn, ẹ gbọ́ o. Ẹni tó bá fẹ́ mọ òtítọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí òtítọ́ lè já òun ní irọ́. Má ṣa èyí tó dùn mọ́ ọ nínú, kí o sì da ìyókù nù, torí ọ̀rọ̀ ìwádìí kì í dúró sínú ìwé. Ó ń lọ bá ẹlẹ́ran ara nídìí iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá fi ẹnu ìmọ̀ ba ọmọlàkejì lórúkọ jẹ́, òun kì í ṣe onímọ̀. Òpùrọ́ tó mọ̀wé ni.