Fáànù Tí Mákindé Fi Bo Ọ̀rọ̀ Mọ́lẹ̀

Ní Òṣogbo, ilé iṣẹ́ kan wà tó ń ta ilẹ̀. Inú gbọ̀ngàn ńlá kan ṣoṣo ni gbogbo òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ń jókòó sí. Kò sí ògiri, kò sí ìlẹ̀kùn láàárín tábìlì sí tábìlì, bí ẹnì kan bá sín lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà ni yóò kí i pé, "Pẹ̀lẹ́ o." Ibẹ̀ ni Mákindé ti ń ṣiṣẹ́. Kò níkà nínú, àmọ́ ọ̀rọ̀ tí wọn kò bá a sọ ló máa ń dáhùn jù. Bí ẹnì kan bá ń bá ìyàwó rẹ̀ jà lórí fóònù, Mákindé á ké láti òdìkejì pé, "Ẹ bẹ̀ ẹ́, bùọ̀dá mi, ẹ̀yin lẹ jẹ̀bi!"

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó gbọ́ tí Àǹtí Ìbíwùmí, tí tábìlì rẹ̀ kángun sí tirẹ̀, ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sí fóònù.

"Dókítà ní oyún ni o! Jọ̀ọ́, fi sínú. Èyí tó kọjá, gbogbo ọ́fíìsì ló bá mi yọ̀, àwọn náà ló tún wá bá mi kẹ́dùn. Mi ò lè fara da irú ẹ̀ mọ́."

"Oyún" nìkan ló wọ Mákindé létí. Ìyókù fẹ́ kọjá bí atẹ́gùn. Ọ̀rọ̀ náà sì ń jó o lẹ́nu bí iṣu gbígbóná, títí wọ́n fi jókòó oúnjẹ ọ̀sán. Ó fò dìde, ó pàtẹ́wọ́.

"Ẹ dákẹ́ ná! Ẹ bá Àǹtí Ìbíwùmí yọ̀!"

Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ obìnrin náà. Ó ń wo Mákindé, omi ti lé ròrò sí i lójú. Ìgbà yẹn ni ìyókù ọ̀rọ̀ àárọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá wọ Mákindé létí. Òógùn bò ó.

"Ká bá wọn yọ̀ nítorí kí ni?" Ládépò ọ̀rẹ́ rẹ̀ béèrè.

Mákindé wolẹ̀, ó wòkè, ó rí fáànù àjà tó ti kú tipẹ́. "Wọ́n... wọ́n ti bá wa tún fáànù ṣe!"

Gbogbo wọn gbójú sókè. Ládépò lọ tẹ súwíìsì. Fáànù kò mira. Ọmọńlé tó lẹ̀ mọ́ ọn pàápàá kò ṣípò.

"Mákindé, ṣé orí ẹ pé báyìí?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, Ládépò kò pè é lórúkọ mọ́: "Fáànù, ẹ káàárọ̀ o! Ṣé ẹ ti ń yí?" Mákindé gbà á mọ́ra. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, Àǹtí Ìbíwùmí mí kanlẹ̀, ó sì rọra ti ẹran inú abọ́ rẹ̀ síwájú Mákindé. Látìgbà náà, bí Mákindé bá ti gbọ́ wúyẹ́wúyẹ́, á wúkọ́, á gbé ife, á lọ bu omi mu.

Nígbà tí Àǹtí Ìbíwùmí bímọ tán, tó padà sẹ́nu iṣẹ́, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, páálí fáànù tuntun wà lórí rẹ̀.

"Ẹ má pe Mákindé ní òpùrọ́ mọ́," ló wí. "Èmi ni mo pẹ́ kí n tó gbé fáànù tó kéde dé."

Ládépò lanu. "Háà! Mákindé, o ti mọ̀ nípa oyún yìí látọjọ́ yẹn?"

"Etí mi ló gbọ́," Mákindé dáhùn. "Mi ò jẹ́ kí ẹnu gbọ́."

Ẹ̀yin ọmọ mi, etí kò ní ìdérí, ohun tó bá kọjá ni yóò gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹnu ní ètè. Níbi tí kò bá sí ìlẹ̀kùn, ọmọlúàbí a máa fi ètè ara rẹ̀ ṣe ìlẹ̀kùn fún ẹnìkejì. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.