Ilà Mẹ́ta Lára Kabúrétọ̀

Kabúrétọ̀ nìkan ló kù kí n fi parí àtúnṣe alùpùpù tí bàbá mi gùn títí wọ́n fi kú. Ilẹ̀ ti ń ṣú kí n tó dé ìsọ̀ arúgbó kan tó ń ta ògbólógbòó ẹ̀yà alùpùpù lọ́nà oko. Kò bi mí pé irú èwo ni. Ó kàn gbé kabúrétọ̀ kan lé mi lọ́wọ́. Ara fu mí. Mo wo ìdí ẹ̀, mo rí ilà mẹ́ta tí bàbá mi máa ń ha sí i, kí mẹkáníìkì má baà pààrọ̀ ẹ̀.

"Bàbá, ta ló tà á fún yín?"

"Kò tà á. Ó ní ọmọ òun á wá gbà á."

Họ́ọ̀nù alùpùpù dún lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn ìsọ̀, bí bàbá mi ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́ kí n wá ṣí géètì.

Arúgbó náà ò gbójú sókè. "Ìwọ ló ń pè."