Ẹni Tó Ń Gba Atẹ́gùn Fáànù

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Mopélọ́lá wọ yàrá. Ọkọ rẹ̀ tún ti ki wáyà fáànù tí kò ní púlọ́ọ̀gì bọ ihò sọ́kẹ́ẹ̀tì, bẹ́ẹ̀ ọmọ wọn ń rákò kiri ilé.

"Bàbá Fọlárìn, ṣé ẹ fẹ́ kí iná gbé ọmọ yìí ni?"

Ẹni tó faṣọ bora lórí bẹ́ẹ̀dì kàn ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Mopélọ́lá fìbínú pa iná, ó fa wáyà yọ. Fáànù dúró, ṣùgbọ́n aṣọ ìbora náà ṣì ń fẹ́ lẹ́lẹ́.

"Ẹ̀yin ni mò ń bá wí!"

Ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Ohùn ọkọ rẹ̀ ni.

"Ìyá Fọlárìn, ṣílẹ̀kùn, mo ti ra púlọ́ọ̀gì dé."

Lábẹ́ aṣọ, ohùn kan náà kùn tìbínú-tìbínú:

"Ta ló ní kí o pa fáànù mi? Má ṣílẹ̀kùn fún un."