Ádímíìnì Tó Pa Ìkìlọ̀ Rẹ́

Ẹ̀yin ará, ẹ má ka èyí dé ìdajì kí ẹ jù ú sílẹ̀. Ẹ kà á tán, kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ tí ẹ wà.

1.
Obìnrin kan wà tó ń tún fíríìjì ṣe. Tútù-Nini ni wọ́n ń pè é. Òun àti ọkùnrin kan tí ìnagijẹ rẹ̀ ń jẹ́ Alága jọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ bàbá arúgbó kan ni. Àwọn méjèèjì ló dá ẹgbẹ́ àwọn tó ń tún fíríìjì ṣe sílẹ̀ lórí fóònù, wọ́n fi bàbá náà sí i, wọ́n sì jọ kọ òfin rẹ̀: a kì í yọ ẹnikẹ́ni láìgbọ́ tẹnu rẹ̀. Alága nìkan ló wá ń ṣe ádímíìnì. Tútù-Nini ní, "Èmi àti ìwọ, kí ni ìyàtọ̀?"

2.
Lọ́jọ́ kan, Tútù-Nini ra gáàsì fíríìjì tuntun. Òórùn rẹ̀ ṣe é ní kàyéfì. Ó tú díẹ̀ jáde ní gbangba, ó ṣáná sí i. Iná sọ sókè lọ́gán! Gáàsì tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sára sìlíńdà náà kì í gbaná. Ó ya àwòrán sìlíńdà náà, ó kọ ọ́ sí ẹgbẹ́: "Ẹ má lo èyí o. Ó ń gbaná."

Kí ọ̀pọ̀ tó rí i, wọ́n ti pa á rẹ́. Wọ́n ti yọ òun náà kúrò. Ó pe Alága.

"Alága, kí ni mo ṣe?"

"Àbúrò ìyàwó mi ló ń ta gáàsì yẹn. O fẹ́ ba ọjà rẹ̀ jẹ́."

"Ṣé o ò lè kọ́kọ́ bi mí ni? Ṣebí abọ́ kan náà la jọ ń jẹ!"

"Abọ́ yẹn ti fọ́."

Ó pa fóònù.

3.
Alága sọ fún ẹgbẹ́ pé owú ló ń jẹ obìnrin náà. Ni wọ́n bá ń fi í ṣẹ̀fẹ̀: "Tútù-Nini ti gbóná o!" Ẹnì kan ṣoṣo ò béèrè tẹnu rẹ̀. Tútù-Nini pe bàbá tó kọ́ wọn níṣẹ́.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lo gáàsì yẹn."

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, Alága ti ṣàlàyé fún mi. Ìjà ẹ̀yin méjèèjì nìyẹn, ẹ lọ parí rẹ̀."

"Kì í ṣe ìjà, bàbá."

"Ṣé Alága á wá purọ́ fún mi ni?"

4.
Lọ́jọ́ kẹrin, bàbá ń fi iná jó páìpù fíríìjì kan pọ̀. Gáàsì náà ṣì kù nínú rẹ̀, ó sì bú gbàmù. Bàbá ò yè é.

Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn oníbàárà Alága náà sá fún un. Ìgbà yẹn ló tó dá Tútù-Nini padà sínú ẹgbẹ́. Ó kọ̀wé sí i: "Dárí jì mí. Sọ tẹnu rẹ, mo ti ń gbọ́."

Obìnrin náà wo orúkọ àwọn tó kù. Mẹ́ta péré ni: tirẹ̀, ti Alága, àti ti bàbá.

Ó fèsì: "Bàbá ńkọ́?" Ó sì jáde.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣàkóso ẹgbẹ́ orí fóònù, ẹ gbọ́ o. Bí ọ̀rọ̀ ẹnì kan bá dùn yín, ẹ pè é sí kọ̀rọ̀, ẹ bi í léèrè, ẹ sọ òfin tó rú fún un. Bí ọ̀rọ̀ bá kan ará ilé yín, ẹ gbé e fún ẹlòmíràn kó dá a. Ẹ̀yin tí ẹ ń wòran, ẹ béèrè ohun tí wọ́n pa rẹ́. Agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni.