Ògiri Tó Ń Jẹ Ohùn

Ọkọ Ìyá Elétí lọ ra ẹ̀rọ tí yóò máa ṣe iṣẹ́ etí ìyàwó rẹ̀, kò bi í, ó sì gbé e wọlé lójú rẹ̀ bí ẹni mú orogún wá bá a.

Ìyá Elétí kò kọ́ iṣẹ́ ohùn lọ́dọ̀ ẹnì kankan. Rédíò tó bàjẹ́ ló ń tú títí tó fi mọ̀ ọ́n, àwọn ará àdúgbò ló sì fún un lórúkọ náà. Ẹni tó bá ra sípíkà tuntun, òun ni yóò pè. Á jókòó sáàárín pálọ̀, á dijú, á máa yí bọ́tìnnì díẹ̀díẹ̀, á ní, "Báàsì yìí ń sunkún ní kọ̀rọ̀ yẹn, ẹ fà á síwájú." Wọ́n á fà á síwájú, ohùn á sì mọ́. Iṣẹ́ tó fi ń jẹun nìyẹn, òun náà ló sì fi ń yangàn. Àmọ́ láìpẹ́ yìí, àwọn oníbàárà ò fi bẹ́ẹ̀ pè é mọ́. Ó ní àwọn èèyàn ti ya aláìgbọ́n ni.

"Kí lèyí ń ṣe?" ó bi ọkọ rẹ̀.

"Ó ń tún yàrá ṣe ni. Wàá gbé máíkì yìí síbi tó o máa ń jókòó sí. Ẹ̀rọ á dún, á gbọ́ ohùn ara rẹ̀, á sì to gbogbo ẹ̀ fúnra rẹ̀."

"Ó ń tún yàrá ṣe? Ṣé ó mọ ilẹ̀ gbá? Torí ìdọ̀tí abẹ́ àga yín yẹn, ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń wá ẹni tó máa bá mi kó o."

Ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó gba ẹ̀yìn àga rẹ̀ yí ká kó tó jókòó tì í. "Mi ò ní kó o má ṣiṣẹ́ mọ́. Mo ní kó o sinmi ni."

"Ta ló sọ fún yín pé ó rẹ̀ mí?"

Ọkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tú wáyà ẹ̀rọ náà.

Ògiri òsì nínú pálọ̀ yẹn ni ọ̀tá Ìyá Elétí. Ó ní ó ń jẹ ohùn. Ó kọ́kọ́ ká kọ́tìnnì ibẹ̀ kúrò. Ó gbé àga tó wà níbẹ̀ lọ sínú yàrá. Ó sọ àwòrán ìgbéyàwó wọn kalẹ̀. Ọkọ rẹ̀ wo ojú ara rẹ̀ nílẹ̀. Níkẹyìn, ó pààrọ̀ sípíkà méjèèjì, ti òsì bọ́ sí ọ̀tún, ti ọ̀tún bọ́ sí òsì. Òsì ṣì ń kùn bí ẹni tí wọ́n fi ìrọ̀rí bò lẹ́nu. Inú Ìyá Elétí dùn débi pé ó jó: ẹ̀rí ti dé, kì í ṣe sípíkà, ògiri ni! Ló bá gbé ohùn òsì sókè dáadáa, gbogbo ẹ̀ sì bára mu.

Wọ́n gbé máíkì sórí àga. Ẹ̀rọ náà han bí ẹyẹ tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀, ó dákẹ́, ó tún han. Nígbà tó ṣe tán, ohùn òsì ló fà wálẹ̀.

"Ẹ wò ó! Èyí tó yẹ kó gbé sókè ló rẹ̀ sílẹ̀! Ẹ̀rọ olówó gọbọi tí ò mọ òsì yàtọ̀ sí ọ̀tún!"

Ọmọbìnrin wọn sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì, lápá òsì. Ìyá rẹ̀ ò dá a lóhùn. Ọmọ náà rìn wá síwájú ìyá rẹ̀, ó tún un sọ: "Mọ́mì, mo ní ẹ jẹ́ ká pe ẹlòmíì kó wá gbọ́ méjèèjì."

"Ṣé o ò lè lanu sọ̀rọ̀ ni? Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, bí ẹni tí eyín ń dùn lẹ ṣe ń sọ̀rọ̀. Ó dáa, lọ pè é wá. Bí ẹ̀rọ yìí bá borí mi, mi ò ní fọwọ́ kan bọ́tìnnì ẹnikẹ́ni mọ́."

Télọ̀ ìsàlẹ̀ ilé ni ọmọ náà lọ pè. Ọkùnrin náà gba ọ̀tún wá kí Ìyá Elétí, ó sì jókòó sáàárín. Wọn ò sọ èwo ni ti ta fún un. Wọ́n fi ti Ìyá Elétí síwájú.

Télọ̀ họ orí. "Èyí dà bí aṣọ tí apá kan gùn ju ìkejì lọ."

Wọ́n gbé ti ẹ̀rọ sí i.

"Ẹ̀n-ẹ́n. Èyí jókòó sára."

Ọkọ Ìyá Elétí wolẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ń wo fóònù tí kò tàn.

"Ìwọ télọ̀ yìí, ariwo maṣíìnì ti jẹ etí ẹ tán! Èmi gan-an ni mo ya dìndìnrìn. Kí ni mo ń wá lọ́dọ̀ télọ̀? Ǹ bá ti pe bíríkìlà, kó wá bá ògiri sọ̀rọ̀." Ó dìde, ó gbá àga mú. "Ẹ máa wò. Màá yí àga yìí, màá kẹ̀yìn sí sípíkà, kí ògiri yẹn wá wà lọ́tùn-ún mi. Ẹ ó rí i pé ibẹ̀ náà lohùn ṣì máa kú sí."

"Má yí i," ni ọkọ rẹ̀ sọ, kíá. "Jẹ́ ká kọ́kọ́ jẹun ná."

"Ẹ̀rù ń bà yín!"

Ó yí àga, ó jókòó, ó dijú: ògiri tó ń jẹ ohùn ń kọrin ketekete lọ́tùn-ún rẹ̀, òsì tún ti kú fin-ín-fin-ín, bí ẹni pé ògiri náà dìde tẹ̀ lé e, ó lajú, ó rí ọkọ rẹ̀, ọmọ rẹ̀ àti télọ̀ tí wọ́n ti rọra yí bọ́ sí apá ọ̀tún rẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, ó sì ní, "Ta ló kọ́kọ́ mọ̀ nípa etí mi yìí nínú yín? Ẹ dá mi lóhùn o, kẹ́ ẹ sì má kúrò níbi tẹ́ ẹ dúró sí yẹn."