Òṣùwọ̀n Ẹnu Ọ̀nà

Orúnkún ń ro Ìyá Morádékẹ́ bó ṣe gun òṣùwọ̀n ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń sùn lẹ́yìn rẹ̀.

"Sísanra, ipele kejì," ni ẹ̀rọ ara ilẹ̀kùn wí, ilẹ̀kùn kò sì ṣí. Dókítà tó ń wo orúnkún kì í rí ẹni tí sísanra rẹ̀ bá kọjá ipele kìíní, Ìyá Morádékẹ́ sì ti ń febi pa ara rẹ̀ tipẹ́ nítorí òní.

"Nọ́ọ̀sì, ọmọ tí mo pọ̀n lẹ wọ̀n mọ́ mi!" ló ké sí nọ́ọ̀sì tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òṣùwọ̀n.

"Mo rí i, Màmá. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ti kọ ọ́ sílẹ̀, ó di oṣù tó ń bọ̀. Ẹ má pọ̀n ọ́n wá mọ́."

"Ta ni kí n gbé e fún? Ìyá rẹ̀ ti kú."

Nọ́ọ̀sì pe ẹni tó kàn. Ìyá Morádékẹ́ fún ọ̀já mọ́ra, ó tiro lọ. Tó bá fi máa di oṣù tó ń bọ̀, ọmọ yìí á ti wúwo sí i.